Mọ́tò tí Mo Yàn fún Àbúrò Mi

Ìyàwó àbúrò mi, jókòó. Ẹ̀yin ọmọ rẹ̀, ẹ yéé tù mí nínú. Dókítà ní ó kù díẹ̀, irọ́ tí mo sì fi bo òkú mọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ bá mi wọ ilẹ̀.

Èmi ni mo máa ń yan fáànù àti mọ́tò tó ń yí i fún ẹ̀rọ amúlétutù àwọn ọ́fíìsì ńlá. Àbúrò mi ló máa ń gbé wọn gun òrùlé. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́, síbẹ̀ òun ni ọ̀gá wa fẹ́ fi ṣe olórí wa. Àbúrò mi dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ tètè dìde lórí àga yẹn, kó má baà gbóná jù fún mi o!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú.

Mọ́tò tó máa wà lórí òrùlé, ńṣe ni wọ́n ń bo gbogbo ara rẹ̀ kí òjò má baà wọ inú rẹ̀. Èyí tí ara rẹ̀ ṣí sílẹ̀, inú ilé ni tirẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi. Èyí tó ṣí sílẹ̀ ni mo yàn. Mo fúnra mi dè é mọ́ inú àpótí fáànù kí àbúrò mi má baà rí i kó tó gbé e gun òrùlé. Mo fẹ́ kó bàjẹ́ lójò, kí wọ́n lè sọ pé àbúrò mi kò mọ iṣẹ́. Ìlara ni. Ẹ má pè é ní àṣìṣe.

Òjò rọ̀, fáànù dúró. Ó gun òkè lọ wò ó. Èmi dúró nísàlẹ̀ nídìí ibi tí a ti ń tan iná mànàmáná fáànù náà. Ó pariwo: "Bọ̀dá mi, iná ń gbé mi lára irin yìí o!" Mo mọ̀ pé omi ti wọ mọ́tò. Ọwọ́ mi wà níbi tí mo ti lè pa iná. Mo ní, "Ọ̀gá tuntun, ẹ̀rù ń bà ọ́ ni? Dì í mú dáadáa!"

Ó dì í mú.

Nígbà tí ọ̀gá béèrè ẹni tó yan mọ́tò náà, mo ní, "Òun ni. Ó ní òun mọ̀ jù mí lọ." Ìyàwó, o bi mí lẹ́bàá sàréè pé, "Bọ̀dá, ṣé lóòótọ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa ikú?" Mo ní, "Àfojúdi ló pa á." Ìwọ àkọ́bí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu mi yìí ni wọ́n fi ń lé ọ kúrò ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, pé ọmọ aláfojúdi kò ṣeé gbé iṣẹ́ iná fún. Mo ń gbọ́, mo ń dákẹ́, mo sì ń jẹ oúnjẹ tí ìyá rẹ ń sè fún mi.

Ẹ má fi ẹnu lásán dárí jì mí. Mo ti ránṣẹ́ pe ọ̀gá wa àtijọ́. Òun ló jókòó síta yẹn. Àkọ́bí, ṣílẹ̀kùn fún un, kí o sì dúró níwájú rẹ̀, kí n tún un sọ kí ohùn mi tó lọ.