Òróró Tí Wọ́n Dà Sí Ohùn Ọmọ́wùnmí

Má sọ fún mi pé kò ní fọhùn mọ́! Adéṣínà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má tíì sọ ọ́, jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó ná. Láti Ọ̀yọ́ ni mo ti ń bọ̀ láàárọ̀ yìí, torí wọ́n ní o mọ kọ̀ǹpútà tún ṣe, èmi àti píánò àti kọ̀ǹpútà la jọ há mọ́ra nínú Píjò, tí dírẹ́bà ń bú mi títí a fi wọ Ògbómọ̀ṣọ́ pé ẹrù mi gba ìjókòó èèyàn mẹ́ta. Ẹni tí wọ́n da òróró sí ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu, kí ló tún kù tó fẹ́ bá dírẹ́bà jà lé lórí?

Rárá, kì í ṣe ẹnu rẹ̀ gan-an. Ọmọ́wùnmí ti lọ, ọdún 1985 ló kú, ó pé ọdún mẹ́ta lóṣù tó kọjá. Ohùn píánò rẹ̀ ni mò ń wí. Ó wà nínú dísìkì tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn. Rọra mú un o! Mo ní kí o rọra!

Jẹ́ kí n rò ó fún ọ kó yé ọ, torí ò ń wò mí bíi pé orí mi ti ń yí. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ìyàwó mi fi tẹ píánò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Píánò onígi, ti ayé àtijọ́. Ọ̀kan nínú àwọn eyín funfun àárín rẹ̀, bí o bá tẹ̀ ẹ́, á kọ́kọ́ kùn hùn-ún, bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun, kó tó wá dáhùn. Akínpẹ̀lú ọmọ wa ló ju owó tọ́rọ́ kan sínú rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Ọmọ́wùnmí ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́. Ó ní òun ti mọ bí òun ṣe ń bá a ṣe.

Nígbà tí Akínpẹ̀lú ti Lọ́ńdọ̀nù wálé wá sìnkú ìyá rẹ̀, ó gbé rékọ́dà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń tẹ píánò náà ní eyín kọ̀ọ̀kan, ó ń gba ohùn wọn sílẹ̀, gbogbo eyín márùndínláàádọ́rùn-ún! Mo ní kí lo fẹ́ fi ṣe? Ó ní ẹ máa wò ó, Bàbá. Kò pé oṣù mẹ́fà tó padà lọ, ìjì ká òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, òjò ọjọ́ méjì rọ̀ sínú píánò, ó wú, ó bẹ́, ó parí. Ìyàwó lọ, píánò lọ, èmi nìkan ló kù tí mò ń wo ògiri.

Àfi bí Akínpẹ̀lú ṣe fi ẹrù ránṣẹ́ lọ́dún yìí. Píánò oníná, kọ̀ǹpútà, wáyà, àti dísìkì kan ṣoṣo. Lẹ́tà rẹ̀ gùn ju ìwàásù lọ. Ó ní píánò oníná náà ní ohùn tirẹ̀ o, àmọ́ kí n má lo ìyẹn, kí n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí n ki dísìkì bọ kọ̀ǹpútà lẹ́nu, pé ohùn píánò ìyá òun ló wà níbẹ̀.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ń so wáyà, Adéṣínà! Èmi tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin! Ojú ihò tí ọ̀rọ̀ ti ń jáde lára píánò ni mo so mọ́ ojú ihò tí ọ̀rọ̀ ti ń jáde lára kọ̀ǹpútà. Ẹ̀n-ẹ́n, rẹ́rìn-ín, mi ò bínú. Àwọn méjèèjì ń sọ, ta ló fẹ́ gbọ́? Ìgbà tí mo wá yí i, kí èyí máa sọ, kí tọ̀hún máa gbọ́, mo tẹ eyín àárín yẹn. Yéè! Ó kùn hùn-ún! Ó kùn, ó sì dáhùn! Nínú pálọ̀ mi, lọ́sàn-án gangan! Mo yíjú wẹ̀yìn bóyá ó dúró síbẹ̀. Mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń sunkún, títí iná fi lọ.

Ibi tí ayé mi ti dojú rú nìyí: mi ò lè pa á mọ́ra. Mo lọ sọ fún Ìyá Ìjọ wa, Màmá Adéjọkẹ́. Obìnrin yẹn! Ó ní, "Háà, Bàbá Akínpẹ̀lú, ohùn òkú wọlé yín, ẹ ò sì gbàdúrà sí i? Ẹ jẹ́ ká wá yà á sí mímọ́, kí nǹkan mìíràn má báa bá a wọlé." Ta ni yóò kọ̀? Kí ló ń wọlé wa tí a kì í gbàdúrà sí? Mọ́tò tuntun, àdúrà. Ẹ̀rọ ìránṣọ, àdúrà. Fíríìjì Joseph tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, orin mẹ́ta ni wọ́n kọ sí i kí wọ́n tó ki iná bọ̀ ọ́. Mo ní ẹ máa bọ̀.

Wọ́n dé lọ́jọ́ Sátidé, obìnrin mẹ́sàn-án pẹ̀lú ìgò òróró ólífì. Wọ́n fi ìka kan òróró sára píánò, ó dáa. Wọ́n fi kan kọ̀ǹpútà níwájú, ó dáa náà, mo ń fi ìnujú nù ún lẹ́yìn wọn. Ṣé wọn ò lè fi mọ níbẹ̀ ni? Ìyá Ìjọ dúró, ó ní níbo gan-an ni ohùn ọ̀hún ń gbé. Ó da òróró sí dísìkì! Kì í ṣe ẹ̀kán kan o, ó dà á ni, ó ń ṣàn! Gbogbo wọn ké Halelúyà! Mo ki dísìkì padà bọ kọ̀ǹpútà, ó ń ha gẹ̀rẹ̀ gẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí ikọ́ há lọ́fun, ó kọ ọ́ sójú pé òun ò rí nǹkan kan kà. Láti ọjọ́ náà, kẹ́kẹ́ pa.

O mọ ohun tí obìnrin yẹn sọ? Ó ní bó bá jẹ́ ti Ọlọ́run ni, kò ní lọ! Ọmọ́wùnmí tó fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tẹ orin fún Ọlọ́run nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà! Ọlọ́run ló máa bá mi bi í! Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín, àmọ́ ẹ̀rín náà kọ̀, kò jáde.

Kí lo wí? Ẹ̀dà mìíràn? Mo ti béèrè, mo lọ sí Ìbàdàn lọ pe Akínpẹ̀lú lórí fóònù. Ó ní Bàbá, kò sí òmíràn. Kásẹ́ẹ̀tì tó fi gba ohùn náà, ó ti gba nǹkan mìíràn lé e, ó rò pé dísìkì ti gbà á tán. Mi ò lè bú u. Òun náà ń sunkún.

Dúró, kí lò ń tẹ̀ yẹn? Mo gbọ́. Ó mọ́, ó dùn. Ohùn píánò oníná fúnra rẹ̀ ni, ṣebí mo ti sọ ọ́ fún ọ. Ohùn ta ni? Èmi ò mọ̀ ọ́n rí. Jọ̀wọ́, pa á.

O fẹ́ ṣe kí ni? O fẹ́ fi bíléèdì la ike dísìkì náà, kí o yọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí o fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́? Bí wọ́n ṣe wẹ Ọmọ́wùnmí ní mọ́ṣúárì nìyẹn, Adéṣínà! O ti ṣe é rí? Ẹ̀ẹ̀melòó? Ẹ̀ẹ̀mejì. Méjèèjì sì fọhùn? Ọ̀kan. Ọ̀kan péré. Bí a bá wá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Á máa bàjẹ́ lọ. Mo gbọ́.

Ẹ̀n? Ìlẹ̀kùn irin kékeré tó bo ihò ara dísìkì yẹn? Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ pé fúnra rẹ̀ ló máa ń tì. Bẹ́ẹ̀ ni, bó bá wà ní títì, òróró ò lè dénú tó bẹ́ẹ̀. O mọṣẹ́ rẹ. Má wulẹ̀ bi mí léraléra.

Èmi ni. Èmi ni mo fi àtàǹpàkò fà á sẹ́yìn. Ó bi mí níbo ni ohùn ń gbé, mo ní ibí ni, Màmá Adéjọkẹ́, ẹ má fi ìka kàn án lásán, ẹ dà á, kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ kí àdúrà náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Adéṣínà. Èmi ni mo ké Àmín jù.

Mú omi wá. Mú ọṣẹ wá. Rárá, gbé bíléèdì náà fún mi. Bó bá máa kú lẹ́ẹ̀kejì, kó má jẹ́ ọwọ́ àjèjì ló máa kú sí. Níbo ni kí n ti gé e?