Ẹ̀bi tí Régis gbé wọ ibojì

Victorin kò fẹ́ kí irọ́ tí òun pa bá òun wọ sàárè. Dókítà ti sọ fún un pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò gbóògùn mọ́, ló bá gun zémíjàn, ọ̀kadà ilẹ̀ Benin, lọ sí Ifangni, sọ́dọ̀ Ọyakẹ́mi, ìyá Régis, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti kú. Obìnrin náà ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, wọlé. Kí ló dé tó o gbẹ báyìí?"

"Maman, ẹ má tíì pè mí lọ́mọ." Victorin dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo ṣe."

Ilé iṣẹ́ kan náà ni òun àti Régis wà ní France. Ẹ́ńjìnnì kékeré ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, irú èyí tó jẹ́ pé bí rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá bá ti gbé sátẹ́láìtì dé òkè, òun ni yóò tì í dé ojú ọ̀nà tí yóò máa gbà yí ayé po. Régis ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, Victorin ló ń fi ẹ̀rọ gbé e. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn àyẹ̀wò, Victorin ṣèèṣì fi ọ̀kan gbá òpó irin. Régis gbọ́ ìró rẹ̀ lókèèrè.

"Mon frère, arákùnrin mi, ṣé kò fara gbá nǹkan?"

"Rárá o."

Régis gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gba ọmọ ìlú rẹ̀ gbọ́ nílẹ̀ àjèjì? Bẹ́ẹ̀ epo inú ẹ́ńjìnnì náà, tó le gbagidi bí ọṣẹ, ti là. Nígbà tó gbiná lókè, dípò kó ti sátẹ́láìtì, ńṣe ló bẹ́.

"Maman, ibẹ̀ kọ́ ni mo ti burú jù. Nígbà tí wọ́n pè wá síwájú àwọn ọ̀gá, Régis ń wò mí pé kí n sọ̀rọ̀. Èmi ìkà yìí, mo ní òun ni kò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa."

Wọ́n lé Régis. Ó padà sílé, ìlú ń fi í ṣẹ̀sín. Sódàbì, ọtí ògógóró, nìkan ló kù tó ń bá kẹ́gbẹ́. Sódàbì náà ló pa á.

Ọyakẹ́mi fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Victorin ń retí èpè; kò gbọ́ èpè.

"Ó sọ fún mi," ni ìyá náà wí jẹ́ẹ́. "Ó ní, 'Màmá, èmi kọ́.' Èmi tí mo bí i, mo ní kó yéé parọ́, kó lọ tọrọ àforíjì. Kò bá mi sọ̀rọ̀ gidi mọ́ títí ó fi kú."

Victorin bú sẹ́kún. "Ẹ dárí jì mí, Maman."

"Dìde. Wàá sọ ọ́ lójú gbogbo àwọn tó fi ọmọ mi ṣẹ̀sín, bó o tilẹ̀ máa kú níbi tó o ti ń sọ ọ́."

Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó dé ẹnu ọ̀nà. Ó di òpó mú.

"Ìwọ ṣì rí ẹni bẹ̀, Victorin. Èmi ńkọ́? Ta ni n ó bẹ̀?"