Tẹ́tẹ́ Tí Arsenio Kọ́kọ́ Jẹ

Ẹ̀gbọ́n Rodel, ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé bí ayé ṣe rí nìyẹn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àlùfáà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ti sú mi. Ayé kọ́ ló gbé fóònù lé ọkọ mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin ni. Ẹ jókòó, àga yẹn nìkan ló kù nínú ilé, ẹ má fẹ̀yìn tì í, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì. Ẹ mu omi. Mi ò ní lé yín, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ mi lẹ jẹ́, mi ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ máa gbọ́ tẹnu mi lónìí.

Ṣé ẹ mọ irú èèyàn tí Arsenio jẹ́ kí ẹ tó ti orí ọkọ̀ òkun yín dé? Ẹ mọ̀ ọ́n. Ní gbogbo ìlú Estancia yìí, bí ẹ̀rọ ọkọ̀ apẹja bá kú, ta ni wọ́n ń pè? Á gbé etí lé ara ẹ̀rọ bíi dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn, á ní, "Ibí ló ti ń dùn ún." Ṣé ọjọ́ kan ló fi mọ ìyẹn? Ẹ rántí bàbá Ponsing ọ̀gá rẹ̀, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. Ẹ̀rọ tí Arsenio kọ́kọ́ tú, kò lè tò ó padà. Èyí tó tẹ̀ lé e, ó tò ó, ló bá ń rú èéfín dúdú bí ilé tó ń jó. Bàbá náà kò bú u, kò nà án, ohun tó máa ń sọ kò ju, "Tú u, ká tún un ṣe." Ẹnu ọkọ mi ni mo ti gbọ́ pé òun a máa sunkún lẹ́yìn ilé. Bó ṣe ń bà á jẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ń mọ̀ ọ́n. Ìgbà tó máa fi gba òmìnira, kò sí àṣìṣe kan tí kò tíì fojú rí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá a láti erékùṣù dé erékùṣù.

Ẹ wá fi ohun tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti mọ ẹ̀rọ wé bó ṣe mọ pọ́kà, eré káàdì yín.

Ọjọ́ Àìkú ni, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ẹ̀yin, Arsenio, àti Delia àbúrò ìyàwó yín, ẹ jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi. Èmi ni mo din ẹja tí ẹ ń jẹ. Ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́ wọn ní eré káàdì tí ẹ̀yin àtàwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun ń ta lórí fóònù. Ẹ ṣàlàyé, mi ò ní purọ́ mọ́ yín. Ẹ ní wọ́n máa fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní káàdì méjì tí ẹlòmíì ò ní rí, wọ́n á wá ṣí márùn-ún sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ẹni tí tiẹ̀ bá bá ti ilẹ̀ mu jù ló máa kó owó. Ẹ ní ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ò ju kéèyàn mọ ìgbà tó yẹ kó ju káàdì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ sọ ọ́. Mo fi Màríà Mímọ́ búra, etí mi gbọ́ ọ.

Káàdì tó wọlé fún Arsenio, méje àti èjì. Ẹ ní, "Ju ìyẹn nù, kò sí èyí tó burú tó o nínú gbogbo wọn." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọjọ́ keje oṣù kejì la bí Mayumi, òun ò lè ju ọmọ òun nù. Ló bá ti gbogbo owó tó wà níbẹ̀ síwájú. Àwọn káàdì ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Méje. Méje mìíràn. Èjì. Ọkùnrin kan ní ìlú tí a ò mọ̀, tó ní káàdì ọba méjì lọ́wọ́, pàdánù gbogbo ohun tó ní sọ́wọ́ ọkọ mi.

Kí lẹ ṣe nígbà náà, Ẹ̀gbọ́n Rodel? Ẹ fò dìde. Ẹ gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè bíi ti abẹ̀ṣẹ́ tó borí. Ẹ ní, "Ẹ wo ọ̀gá, eré yìí ni wọ́n bí i fún." Ẹ sọ ọ́ káàkiri èbúté títí àwọn tó ń ta yìnyín fi ń kí i ní ọ̀gá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé àṣìṣe ló ṣe. Àṣìṣe ni, owó ló gbà lé e, ẹ wá fi àtẹ́wọ́ dì í. Bàbá Ponsing ì bá ti ní kó tú u, kí wọ́n tún un ṣe.

Delia ńkọ́? Ọjọ́ kan náà, fóònù kan náà. Káàdì tó dára wọlé fún un, ó ṣe gbogbo rẹ̀ bí ẹ ṣe ní kó ṣe é, ó pàdánù. Lọ́jọ́ kejì, ó pàdánù. Ẹ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, Arsenio ní kó wá fọwọ́ kan òun kí oríire lè ràn án. Ìtìjú yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ló bá ń bi yín ní ìbéèrè bí ọmọ ilé ìwé, pé kí ló dé tí kò fi yẹ kóun dúró níbí, báwo lòun ṣe máa mọ̀ pé ẹni yìí ń tan òun jẹ. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju káàdì nù. Lónìí, bó ṣe ń jẹ ẹ̀pà ló ṣe ń ta á, bó bá ti tó, á pa fóònù, á lọ ká aṣọ tó sá. Wọ́n ní adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. Ti Delia rí bẹ́ẹ̀. Ti ọkọ mi, adùn ló kọ́kọ́ wọlé, ewúro ló wá tẹ̀ lé e, a ò tíì jẹ ẹ́ tán títí di òní.

Rárá, ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ mi. Mo mọ̀ pé ẹ gbìyànjú. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù, ẹ wá bá a níbí, ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ jọ wo ibi tó ti ń ṣì í. Kí ló sọ fún yín? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ń ṣírò, èmi ń gbọ́ ọ nínú ara mi." Ó ní láti ọjọ́ tí ẹ ti ń ta á, ẹ ò jẹ iye tí òun jẹ lọ́jọ́ kan rí. Kí lẹ fẹ́ sọ? Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi sí i lẹ́nu ló fi ń bá yín jà.

Bó bá jẹ, òun ló mọ̀ ọ́n ta. Bó bá pàdánù, íńtánẹ́ẹ̀tì ló já, tàbí àwọn tó ni eré náà ló yí káàdì. Nígbà tó yá, ó kàn mí. Ó ní bí mo bá ti jókòó sẹ́yìn òun, káàdì ń bàjẹ́. "Luz, jọ̀ọ́, bọ́ síta díẹ̀." Kò pariwo. Ó fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, bí ẹni ń lé adìyẹ kúrò nídìí àgbàdo. Mo bọ́ síta, kúrò nínú ilé tí a jọ gbé igi tí a fi kọ́ ọ. Òjò ń rọ̀. Mo ń gbọ́ ọ láti ìta bó ṣe ń bá káàdì sọ̀rọ̀, "Wá, wá, ìwọ nìkan ni mo ń dúró dè." Láti ìgbà tó ti ń fẹ́ mi sọ́nà, kò fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ó ta irinṣẹ́ tí bàbá Ponsing fi sílẹ̀ fún un. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Bàbá Celso apẹja wá gbé ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀ wá fún àtúnṣe. Arsenio yá irinṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, ó tún un ṣe, ẹ̀rọ náà ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ológbò tó yó. Ló bá tà á fún àwọn ará erékùṣù Bantayan. Ó ní òun máa jẹ owó náà padà kó tó di ọjọ́ Ẹtì, òun á ra òmíràn, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ó sọ ọ́ lójú mi, ó sì gbà á gbọ́, ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn, kò purọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, èmi nìkan ni bàbá Celso bá nílé. Ọkọ mi ti wọ ọkọ̀ lọ.

Bàbá arúgbó yẹn kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó kàn ń wo ilẹ̀ níbi tí òróró ẹ̀rọ rẹ̀ kán sí. Ó ní, "Luz, àsìkò ẹja ti dé." Ó yí padà, ó lọ. Gbogbo ọkọ̀ jáde lọ sójú òkun, tiẹ̀ nìkan wà létíkun, àwọn ọmọdé ń gùn ún ṣeré. Bí mo bá ń lọ rajà báyìí, ọ̀nà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń gbà. Mayumi tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Iloilo ti padà wálé nítorí kò sí owó ilé ìwé mọ́, ó ń fi iyọ̀ pa ẹja fún àwọn tó ń sá a, gbogbo ìka rẹ̀ ló ti là. Ọmọ náà ò bi mí ní nǹkan kan. Alẹ́ ni mo máa ń fi òróró àgbọn pa á lọ́wọ́.

Kí lẹ ní? Ẹ tún un sọ.

Arsenio wà ní ìlú Bacolod. Ẹ ti bá a sọ̀rọ̀. Ó jẹ? Lánàá? Ó tó ra ẹ̀rọ bàbá Celso, kó sì tún ṣẹ́ kù. Áà. Ohun tí ẹ bá wá nìyẹn, tí ẹ fi ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè. Ẹ rò pé inú mi máa dùn.

Ìbéèrè kan ni mo ní, Ẹ̀gbọ́n Rodel. Ṣé ó ti gba owó náà jáde? Ẹ má wo ilẹ̀, ojú mi ni kí ẹ wò. Ṣé ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, àbí ó ṣì wà nínú fóònù?

Mo mọ̀ ọ́n, inú fóònù ló ṣì wà.

Bí ẹ bá wá sọ fún mi pé ó pàdánù gbogbo rẹ̀, pé ó ń sùn sí èbúté, pé kò rí nǹkan jẹ, ǹ bá sunkún, ṣùgbọ́n ǹ bá sọ lọ́kàn ara mi pé bóyá lọ́tẹ̀ yìí, ó lè ti ibẹ̀ kọ́gbọ́n. Jíjẹ ni mo ń bẹ̀rù. Gbogbo ìgbà tó bá ti jẹ báyìí ló ń padà sí ọjọ́ Àìkú yẹn, tí ẹ gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ẹ padà lọ bá a. Ẹ fi ẹnu tí ẹ fi pè é ní ọ̀gá sọ fún un pé kò mọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà, àti pé kò tíì mọ nǹkan kan títí di òní. Kò ní gbọ́. Mo mọ̀ pé kò ní gbọ́. Ẹ ṣáà sọ ọ́.

Mayumi ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí pákó. Bó bá bi yín pé bàbá òun ńkọ́, ẹ ní ẹ ò gbúròó rẹ̀. Ọrùn mi ni ẹ̀ṣẹ̀ irọ́ náà wà. Ẹ má sọ fún un pé ó jẹ, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ọmọ yẹn ò tíì tú àpò ilé ìwé rẹ̀, ó ṣì ń retí àtipadà.