Èmi Ni Mo Ha Bọ́ọ̀lù Nereo

Ẹ̀yin ará San Pedro tí ẹ ń pe Nereo Villar ní oníjìbìtì, ẹ pa ẹnu mọ́, kí ẹ gbọ́ tèmi. Kíndìnrín mi ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀, n kò sì ní gbé òótọ́ yìí wọ inú ilẹ̀. Èmi Tingo tí ẹ ya àwòrán rẹ̀ sára ògiri pápá, èmi gan-an ni ọ̀daràn.

Lọ́jọ́ àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù wa tí a ń fi igi nà, Nereo ló ń ju bọ́ọ̀lù, èmi ni mo lóṣòó lẹ́yìn alátakò tó mú igi, tí mo ń gba èyí tó bá tàsé. Olùkọ́ wa, Don Quirino, ti mú ẹlòmíì wá láti Baní tó mọ iṣẹ́ mi ṣe. Mo fura pé bí a bá pàdánù, ilé ni mò ń lọ. Mo bá pọ́n irin ìdè tó wà lára ìbòrí ojúgun mi títí ó fi mú bí abẹ. Kí n tó ju bọ́ọ̀lù padà fún Nereo, màá fi ha á. Bọ́ọ̀lù tó bá ti ní egbò lára kì í rìn tààrà. Afẹ́fẹ́ ni àwọn alátakò wa ń nà.

Àwọn alátakò fura pé Nereo ń fi nǹkan pa bọ́ọ̀lù. Fìlà Nereo ni wọ́n yẹ̀ wò, bẹ́líìtì rẹ̀ ni wọ́n tú, rẹfirí fi ìka tú irun rẹ̀ bí ẹni ń wá iná orí. Ta ló wo ẹsẹ̀ tèmi? Eladio Marte, ọ̀gá wọn nínú ká na bọ́ọ̀lù, ní, "Tingo, ọ̀rẹ́ rẹ yìí, ṣé òróró ló fi ń wẹ̀ ni?" Mo ní, "Màmá rẹ ló bù ú fún un." Ó rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run, ó rẹ́rìn-ín.

Ní tiwa, ẹni tó bá ń ju bọ́ọ̀lù tí alátakò kò tíì rí ọ̀kan nà dáadáa, a kì í bá a sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ǹṣì, kí oríire má baà sá. Òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi: "Tingo, bọ́ọ̀lù yìí ń ṣe ohun tí n kò rán an. Kí lo rí?" Mo fi àṣà bo ìwà burúkú mi, mo kọ ẹ̀yìn sí i. Gbogbo bẹ́ǹṣì pòṣé: "Lọ jókòó jàre. Ṣé o fẹ́ kí ibi bá wa ni?" Ó lọ jókòó.

Ayò kan sí òdo. Eladio nìkan ló kù, ó sì ti tàsé ẹ̀ẹ̀mejì; bó bá tàsé ẹ̀ẹ̀kẹta, ó jáde nìyẹn. Mo ha èyí tó kẹ́yìn jinlẹ̀. Ó fi igi, bọ́ọ̀lù náà ṣẹ́rí lójijì, ó bà á lójú. Torí pé ó ti fi igi tí igi kò ba bọ́ọ̀lù, òfin ní ó ti jáde. A ti borí. Ijó bẹ́ nígbà tí Eladio ń fi èékánná wa ilẹ̀. Mo ṣa bọ́ọ̀lù náà. Mo lè sọ ọ́ sáàárín èrò. Ohun tí mo ṣe ló burú jù: mo gbé e lé Nereo lọ́wọ́, bí a ti máa ń fi bọ́ọ̀lù ìkẹyìn ta ẹni tó jù ú lọ́rẹ. "Gbà, baba, tìẹ ni." Ó fi àtàǹpàkò pa egbò náà, ó wò mí. Kó tó lanu, rẹfirí ti rí egbò náà, ó sì ti di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ bi Tingo," ni Nereo ń wí. Mo fi ìyá mi búra pé n kò mọ nǹkan kan. Àwọn aláṣẹ jẹ́ kí ayò dúró, Nereo nìkan ni wọ́n lé títí ayé. Ẹja ló ń dín létí òkun báyìí, ẹ kì í sì í rà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ ọ́ lókò ọ̀rọ̀. Ojú Eladio kan fọ́ pátápátá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe eré bọ́ọ̀lù yìí, ibi tí kò sẹ́ni tó ń wò yín ni kí ẹ ti bẹ̀rù ara yín. Nereo, bí o bá lè dárí jì mí, dárí jì mí. Lọ́la, mò ń lọ sílé Eladio. Bó bá gbé igi sí mi, kẹ́nikẹ́ni má gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀.