Àmínà Ará Bangladẹ́ṣì àti Ìgò Mínírà Mi

"Ṣílè kan kẹ̀? Ojúlówó ìgò mínírà, ṣílè kan? Ẹ gbé ìgò mi sílẹ̀ jàre!"

Bí mo ṣe jágbe mọ́ ọn nìyẹn. Ẹ gbọ́... nígbà tí eegun mi ṣì le, tí mo lè ru kéréètì láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkòtun kí n má sọ̀ ọ́, òfìfo ìgò ni mo ń tà. Ìgò bíà, ìgò mínírà, ìgò òògùn ikọ́. Ẹ̀yin ń mu nǹkan tán, ẹ ń ju rọ́bà sí gọ́tà. Láyé tiwa ńkọ́? Tí o ò bá mú òfìfo dání, ta ló fẹ́ ta mínírà fún ọ? Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra ìgò lọ́wọ́ mi, kó múra.

Ta ló wá ń ná ìgò lọ́wọ́ mi? Nọ́ọ̀sì kan tó ti òkè òkun wá. Òyìnbó kọ́ o. Ó dúdú ṣá, irun ẹ̀ dé ìdí, aṣọ gbọọrọ kan ló máa ń wé mọ́ra láti èjìká dé ọrùn ẹsẹ̀. A pè é ní Íńdíà títí, ó ní Íńdíà kọ́, Bangladẹ́ṣì ni. Ta ló mọ Bangladẹ́ṣì ní Ìkòtun nígbà yẹn? Orúkọ ẹ̀ ni Àmínà. Àmínà, bíi ti àbúrò bàbá mi! Ìgbà tí a gbọ́ ìyẹn ni ọkàn wa tó balẹ̀.

Kí ló wá ṣe? Bọ́lá, gbọ́ dáadáa, ìwọ tó o fẹ́ lọ ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbẹ́ gbuuru ló gbé e wá. Tí òjò bá ti dé, tí omi kànga bá ti dọ̀tí, àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ń sáré kiri lánàá... tó bá máa di ọ̀la, ilẹ̀ ti gbà á. Àwa ò sì mọ̀. Ìyá ọkọ mi, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, á ní: "Omi ló ń yà jáde yìí, ẹ tún fẹ́ bu omi sí i? Ẹ jẹ́ kó gbẹ!" Ọmọ á sì gbẹ lóòótọ́.

Àmínà ní níbi tí òun ti wá, ilé dé ilé ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ìyá. Omi tó ti hó, iyọ̀, ṣúgà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: ìka fún iyọ̀, àtẹ́lẹwọ́ fún ṣúgà. Ó ní ká tọ́ ọ wò, kí iyọ̀ ẹ̀ má ju ti omijé lọ. Haà, ìyẹn wọ̀ wá létí. Ta ni ò tíì tọ́ omijé wò rí? Ṣùgbọ́n omi wá ńkọ́? Ẹnì kan ń fi igbá bu tiẹ̀, ẹnì kan ń fi agolo. Tómi bá kéré, iyọ̀ á pọ̀ jù, ìyẹn náà ń pa ọmọ.

Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́, ọmọ Èkìtì tó wà ní ilé ìwòsàn wa, ló ní ká fi ìgò bíà wọ̀n ọ́n, torí kò síbi tí kò sí. Ló bá to ìgò bíà síwájú àwọn ìyá. Yéè! Ìyá Rásákì, aládùúgbò mi, fò dìde, ó gbọn aṣọ: "Ìgò ọtí? Lẹ́nu ọmọ-ọmọ mi? Àúsùbílàhì!" Àwọn Alélúyà náà dìde. Ọjọ́ yẹn ni Mùsùlùmí àti Alélúyà kọ́kọ́ fẹnu kò ní àdúgbò wa! Gbogbo wọn gba ilé lọ. Fúnkẹ́ ń bínú: "Ṣé ẹ ò ní fọ̀ ọ́ ni?" Àmínà ní: "Sísítà, èmi náà ò ní fún ọmọ mi."

Ló bá di pé wọ́n wá sọ́dọ̀ mi. Wọ́n da omi ìgò bíà kan sínú ìgò mínírà, ó gba méjì. Méjì yẹn dùn mọ́ mi nínú ju oyin lọ. Gbogbo ilé, ìgò méjì méjì! Mo wo Àmínà, mo wo aṣọ ẹ̀, mo ní ṣílè méjì ni ìgò kan. Fúnkẹ́ ń túmọ̀. Àmínà ní ṣílè kan.

"Èyí ti là lẹ́nu," ó tún fìka kàn án.

"Kò là, ó ń rẹ́rìn-ín sí yín ni."

Ló bá kẹ̀yìn sí mi, ó ń lọ. Kò yára, kò sì wẹ̀yìn. Hẹn-ẹn! Mo mọ ìrìn yẹn. Ìrìn ẹni tó mọ ọjà ná ni. Mo ní, "Ẹ padà wá, ẹ fi owó lé e!"

Bó ṣe ń padà bọ̀ ni Ìyá Rásákì já wọlé. Ó gbé Mútíù, ọmọ-ọmọ ẹ̀, sọ́wọ́ bí aṣọ tútù. Ojú ọmọ ti wọnú. Ó ń sunkún, omijé ò jáde. Ìyá Rásákì ní: "Ẹ fún un ní ohunkóhun... kódà kó jẹ́ ìgò ọtí yẹn!"

Àmínà ò bi mí léèrè. Ó fa ìgò méjì yọ nínú kéréètì mi, ó fọ̀ wọ́n. Omi tó ti hó wà ní ilé mi, ó fi wọ̀n ọ́n. Ó po iyọ̀ àti ṣúgà, ó tọ́ ọ wò, ó ní kí èmi náà tọ́ ọ wò. Ó jókòó sórí àpótí mi, ó ń fi ṣíbí fún ọmọ. Ọmọ bì í. Ó dúró díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá Rásákì ní, "Ṣebí ó ti bì í tán!" Fúnkẹ́ ní, "Mọ́mì, gbogbo ẹ̀ kọ́ ló bì. Díẹ̀díẹ̀ ni." Oòrùn ti yí sí apá Ìgàndó, ó ṣì ń fún un. Ta ló rántí owó ìgò? Èmi gan-an ò rántí... ẹ ò gbà mí gbọ́, àbí?

Àfi bí Àmínà ṣe ké! Ó dìde, aṣọ ẹ̀ rin gbingbin. Mútíù ti tọ̀ sí i lára. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọmọ ni." Pẹ̀lẹ́ kẹ̀? Ó ń jó! Fúnkẹ́ ní: "Títọ̀ ló ń retí látàárọ̀. Tí ọmọ bá ti tọ̀, omi ti ń dé ara ẹ̀ nìyẹn." Ìyá Rásákì dojú bolẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́, àwọn ìyá tó bínú lọ sílé ti kún iwájú ìsọ̀ mi.

Ẹ wò ó... nígbà yẹn, wọ́n ń wá bá wa. Lónìí, ẹ̀yin lẹ̀ ń wọ bàálù lọ, ta ló ń bọ̀? Lọ, Bọ́lá, mi ò dá ọ dúró. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó jẹ́ pé àwọn nìkan ni wọ́n á máa kọ́ ọ. Àmínà mú omijé wá, àwa fún un ní ìgò, ó ní tóun bá délé, òun á ròyìn fún wọn. Ohun tíwọ mọ̀ tí wọn ò mọ̀, sọ fún wọn. Má tijú.

Owó mi wá ńkọ́? Ẹ rò pé torí ọmọ tọ̀, mo gbàgbé? Mo ní ṣílè méjì. Ó ní ṣílè kan, pẹ̀lú aṣọ tútù lára! Àwọn ìyá ń rẹ́rìn-ín. A ná an títí, a fẹnu kò sí kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣílè kan àbọ̀. Ó tú owó létí aṣọ gbọọrọ yẹn, gẹ́lẹ́ bí ìyá mi ṣe máa ń tú tiẹ̀, ó kà á sí mi lọ́wọ́. Mo ti fẹ́ pa àtẹ́lẹwọ́ dé. Ó nawọ́ sí kéréètì, ó la ẹnu, Yorùbá ló sọ:

"Èènì ńkọ́?"

Mo wo Fúnkẹ́. Fúnkẹ́ yíjú. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo di owó mi mú, mo fi ìgò méjì lé e.