Ìpè Tí Mo Gbà Lórí Fóònù Àǹtí Bọ́láńlé

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi fún ọdún mẹ́rin tí mi ò sọ fún ìyá tó bí mi pàápàá. Mo fẹ́ sọ ọ́ báyìí nítorí pé lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ẹni tí mo ṣẹ̀ dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọmọ Ìkìrun ni Àǹtí Bọ́láńlé. Wọ́n ti ń gbá fọ́líbọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà láti ìgbà tí mo wà ní pámárì, àmọ́ ẹni tó mọ̀ wọ́n ní gáréèjì Ìkìrun kò pọ̀. Àwọn kọ́ ló ń fò sókè láti fọ́ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Àwọn ló máa ń ju ara wọn sílẹ̀ láti gba bọ́ọ̀lù tó bá fẹ́ kanlẹ̀, kí ẹlòmíì lè gbá a wọlé. Ẹlòmíì yẹn làwọn èèyàn máa ń pariwo fún.

Tí wọn ò bá sí ní kámpù ikọ̀ Nàìjíríà, wọ́n máa ń wá kọ́ àwa ọ̀dọ́ Inísà ní fọ́líbọ́ọ̀lù ní pápá ilé ìwé kan níbẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò kàwé kọjá JSS 3, mò ń bá aráàlú ṣáájì fóònù ni nígbà náà, síbẹ̀ wọn ò fojú kéré mi. Wọ́n á ní, "Múyìwá, ẹsẹ̀ ẹ wúwo lónìí o, àbí iyán àná ló wà nínú ẹ̀?"

Lọ́dún yẹn, àwa àti Òkukù fẹ́ gbá àṣekágbá ní Sátidé. Ní Wẹsidé, fóònù Àǹtí wà níbi ṣáájì lọ́dọ̀ mi nígbà tí kóòṣì ikọ̀ Nàìjíríà pè. Mo gbé e. Obìnrin ni kóòṣì náà, wọ́n ní kí Àǹtí wá sí kámpù ní Àbújá kó tó di Jímọ̀, kí Àǹtí sì pe àwọn padà lọ́jọ́ Wẹsidé náà gan-an.

"Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún un. Mi ò fẹ́ fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀."

Mo ní ó dáa mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo ro Sátidé. Mo mọ̀ pé tí Àǹtí tó ń kọ́ wa bá lọ, Òkukù máa nà wá. Mo pa ìpè náà rẹ́ kúrò nínú fóònù, mo ní wọ́n á ṣáà tún pè.

Wọn ò tún pè. A na Òkukù, mo sáré yí pápá ká. Lọ́jọ́ Ajé, Àǹtí gbọ́ orúkọ àwọn tí wọ́n mú lórí rédíò, tiwọn kò sí níbẹ̀. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, wọ́n ń tú okùn bàtà, wọ́n tún ń so ó. Wọ́n ní, "Wọ́n ti rí i pé mo ti dàgbà nìyẹn."

Ikọ̀ náà lọ gbá ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà láìsí Àǹtí. Kóòṣì tuntun ló pè wọ́n padà lẹ́yìn ọdún kan. Àmọ́ àwọn àti kóòṣì àkọ́kọ́, tí wọ́n ti dà bí tẹ̀gbọ́n tàbúrò tẹ́lẹ̀, kò kí ara wọn mọ́ títí dòní.

Ní ọjọ́ Àìkú yẹn, Àǹtí ń ṣe ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì. Wọ́n nawọ́ sí mi, wọ́n ní, "Nígbà tí kóòṣì mi já mi sílẹ̀, ọmọ yìí ló ń bá mi ju bọ́ọ̀lù láràárọ̀. Òun ni ò jẹ́ kí n fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀."

Òótọ́ ni, mo jù ú láràárọ̀. Ẹ̀rí ọkàn ló ń jí mi. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́ fún mi.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi Àǹtí sọ́nà mi. Àwọn ló bá mi bẹ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ sólà ní Òkukù, òun ni mo fi ń jẹun lónìí. Oore wọn yìí gan-an ló jẹ́ kí ó nira láti sọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Àǹtí ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, àbí kóòṣì? Kóòṣì ò já wọn sílẹ̀ rárá. Kóòṣì fẹ́ kí Àǹtí wá, wọ́n sì ní kí n sọ fún Àǹtí. Ẹ bú mi tí ẹ bá fẹ́, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n dákẹ́.