Bọ́tìnnì Olówùú Pupa

Ẹ̀yin ará ìjọ Òkè-Ìlá, ẹ̀bẹ̀ àdúrà tí ẹ ń gbọ́ lónìí, tèmi ni. Ẹ má kọrin sí i, ẹ má pàtẹ́wọ́. Pásítọ̀ Adébíyìí rò pé ẹ̀bẹ̀ ìwòsàn ni mo kọ, nítorí gbogbo yín mọ̀ pé àwọn dókítà ti dá mi padà sílé, wọ́n ní kí n lọ máa fara balẹ̀. Mo bẹ Pásítọ̀ pé kí ẹni tí mo bá fẹ́ bá mi kà á, ó gbà. Ìwòsàn kọ́ o. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo ti gbé òótọ́ kan mì, ó sì há mi lọ́fun. Tí mo bá gbé e wọ sàréè, ẹ ó fi orin sin mí, ẹ ó ní Màmá Ìtùnú sùn nínú Olúwa. Olúwa wo? Ẹ jẹ́ kí n bì í jáde kí n tó lọ.

Èmi ni Morẹ́nikẹ́ Akínyẹlé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ìyá Olúfúnṣọ́, ẹni tí ẹ sọ ní Màmá Ìtùnú torí pé mo máa ń tu èèyàn nínú. Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń ṣe é níjọ wa. Ní gbogbo ọjọ́ Fúráìdé, àwọn tí kò mọ̀wé kọ á wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí ìjọ bá wọn bẹ Ọlọ́run fún, èmi á kọ ọ́, mà á jù ú sínú àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, ẹni tó ni ẹ̀bẹ̀ á jáde, á kúnlẹ̀ síwájú, Pásítọ̀ á ka ìwé rẹ̀ sí i lórí, gbogbo wa á sì gbàdúrà. Kò sẹ́ni tó ń wo ìwé náà ṣáájú. Ohun tí mo bá kọ, òun ni ẹnu wọ́n sọ. Irú agbára wo nìyẹn lọ́wọ́ ọmọ èèyàn! Ẹ gbé e fún mi torí pé mo mọ a, b, d. Ẹ ò béèrè bóyá mo mọ Ọlọ́run.

Ní oṣù Sẹ́tẹ́ńbà ọdún 1976, Monínúọlá wá sọ́dọ̀ mi. Àwọn ọmọdé inú yín lè má rántí rẹ̀: opó ni, ó ń yan gàrí lẹ́yìn ilé-ìwé, òun ló sì máa ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yìí ní gbogbo Sátidé láìgba nǹkan kan. Ó dúró títí àwọn tó kù fi lọ tán. Ó ku Mùínátù, aládùúgbò mi tó jẹ́ mùsùlùmí, tó ń ṣa ẹ̀wà tirẹ̀ jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Monínúọlá kúnlẹ̀. Ó ní, “Ẹ kú ulé o, Màmá. Ẹ bá mi kọ ọ́ pé ọkùnrin kan nínú ìjọ ń yọ mí lẹ́nu. Tí mo bá wá gbálẹ̀, á wọlé tọ̀ mí, á ti ilẹ̀kùn. Sátidé tó kọjá, ó fa aṣọ mọ́ mi lára ya. Ọlọ́run ló yọ mí, mo sá jáde. Ẹ ní kí ìjọ bá mi bẹ Ọlọ́run kó mú ọwọ́ ẹ̀ kúrò lára mi.” Mo ní ta ni. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú bọ́tìnnì funfun kan jáde, ó gbé e sórí tábìlì mi. “Èyí ló já sí mi lọ́wọ́. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, Màmá. Ẹ ṣáà bá mi fún ẹni tó ni ín.”

Òwú pupa ló wà lójú bọ́tìnnì náà. Èmi ni mo rán an. Òwú funfun tán nílé lọ́jọ́ tí bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì Olúfúnṣọ́ já, mo fi pupa rán an, mo ní ta ni yóò wò ó. Ọmọ mi! Ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún mi! Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí àwọn àgbà ìjọ fọwọ́ sí ìwé tí yóò gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà. Síbẹ̀, mo kọ ohun tí Monínúọlá sọ, mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ká ní mo jù ú sínú àpótí lójú ẹsẹ̀ ni, mi ò ní kúnlẹ̀ síbí lónìí.

Mo gbé bọ́tìnnì náà síwájú Olúfúnṣọ́ nídìí oúnjẹ. Ó wò ó, ó gbé òkèlè mì, ó ní, “Iṣẹ́ èṣù ni, Mọ́mì. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ṣé torí opó tó ń yan gàrí lẹ ó ṣe ba ayé mi jẹ́?” Ìfọ́tí olóyì ló yẹ kí n fún un. Ọbẹ̀ ni mo bù kún un. Ìyá burúkú! Mo fa ìwé àkọ́kọ́ ya, mo mú òmíràn, mo kọ ọ́ pé: “Èmi opó yìí ti dẹ́ṣẹ̀. Mo tan ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ yìí wọnú àgbèrè. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kó dárí jì mí.” Kódà mo fi àmì sórí ọ̀rọ̀ dáadáa, bí tíṣà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Monínúọlá jáde síwájú, ó kúnlẹ̀, ó dijú, ó tẹ́wọ́ gba àdúrà. Pásítọ̀ kà á sí i lórí. Monínúọlá lajú, ó bojú wẹ̀yìn, ó rò pé ìwé ẹlòmíràn ni wọ́n ń kà. Nígbà tó yé e, ó kígbe, “Rárá o! Mi ò sọ bẹ́ẹ̀! Màmá, ẹ bá mi sọ ohun tí mo sọ!” Baba Akínbọ́lá, alàgbà wa, dìde, ó bi mí pé, “Màmá Ìtùnú, ṣé ohun tó sọ lẹ kọ?” Gbogbo yín yíjú sí mi. Mo ní, “Baba, ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni mo kọ.” Ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù? Ó kù. Mo rìn lọ bá a níbi tó kúnlẹ̀ sí, mo gbá a mọ́ra, mo fi etí gèlè mi nu omijé rẹ̀, mo ní, “Má sunkún mọ́, ọmọ mi. Jésù ń dárí ji ẹlẹ́ṣẹ̀.” Ẹ sì ṣe àmín! Mo fi ọ̀bẹ gún un, mo tún ń tù ú nínú, ẹ ń ṣe àmín. Òun nìkan ni kò ṣe é.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ ní kó jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn fún oṣù mẹ́fà, kó má jẹ Oúnjẹ Olúwa, kó má fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbálẹ̀! Ẹnikẹ́ni ò béèrè ta ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Obìnrin nìkan ló ń dá ṣe àgbèrè, àbí? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ru iṣu lọ kí abiyamọ, tí ẹ ń bẹ aláìsàn wò ní gbogbo Ọjọ́rú, ta ni nínú yín ló yà nílé rẹ̀? Folúkẹ́ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méje, ń bá a jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, àwọn ọmọ yín ń yọ ṣùtì sí i. Mùínátù nìkan ló wá bá mi nígbà tí ọ̀rọ̀ kárí àdúgbò. Ó ní, “Ìyá Olúfúnṣọ́, ohun tí mo fetí ara mi gbọ́ kọ́ ni wọ́n ní ẹ kọ o. Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run.” Mo ní kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé ẹ̀wà rẹ̀, kò sì bá mi jókòó mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tó fi máa di Ìsinmi kẹrin, Monínúọlá ti kó ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìgèdè, sílé ìyá rẹ̀.

Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé ọwọ́ lé Olúfúnṣọ́ lórí, kó di àlùfáà. Mo ní kó lọ bẹ obìnrin náà kí n tó kú. Ó ní, “Mọ́mì, òkú tó ti jẹrà lẹ fẹ́ hú yìí. Àìsàn ló ń dà yín láàmú.” Àìsàn! Bó bá wá lónìí, ìlà kejì ni yóò jókòó sí nínú kóòtù dúdú, bó ti máa ń ṣe. Ẹ má wo èmi, òun ni kẹ́ ẹ wò. Kí ẹnikẹ́ni má gbé ọwọ́ lé e lórí. Èmi ni mo bí i, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Mo fi ara àìlera yìí wọ ọkọ̀ lọ sí Ìgèdè. Monínúọlá ò ní kí n wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí, ìwé àti pẹ́ńsù wà lórí itan rẹ̀; ó ti ń lọ sí ilé-ìwé àgbà láti ìgbà tó ti débẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi obìnrin, mo ní kó dárí jì mí. Kò sunkún, kò bú mi. Ó ní, “Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, Màmá. Mo ti mọ̀wé kà báyìí.” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́ níwájú rẹ̀. Níbi tí mo ti kọ ọ́ pé ìfẹ́ ọmọ ló mú mi ṣìnà, ó fi pẹ́ńsù fa igi lé e. “Ẹ ò ṣìnà. Irọ́ lẹ pa. Ẹ kọ irọ́.” Irọ́ ni mo pa, ẹ̀yin ará. Mo ti kọ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ̀wé, ẹni tó bá ní kí ẹ bá òun kọ ọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ ló yá yín. Ẹ dá a padà fún un bó ṣe wà. Ẹni tí ẹ rí tó dúró lókè orí mi, tó ń ka ìwé yìí, Monínúọlá ni. Ibi tó kúnlẹ̀ sí lọ́jọ́sí ni mo kúnlẹ̀ sí. Bọ́tìnnì olówùú pupa náà rèé lọ́wọ́ mi. Kí ẹni tó ni ín jáde wá gbà á. Ẹ má ṣe àmín, kí ẹnikẹ́ni má sì wá nu ojú mi. Monínúọlá, mo bẹ̀ ọ́. Ibi tí ìwé mi parí sí nìyí. Ó ku ọ̀rọ̀ tìrẹ, ẹnikẹ́ni ò ní bá ọ kọ ọ́ mọ́.